Bí Lionel Gathercole Ṣe Gbé Ìkún Omi Gun Ilé Gogoro

Odò Yarrel kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí ní abúlé wa. Ó kàn máa ń dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á yọjú wo ohun tí a ń sè, á sì padà sí ààyè rẹ̀. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wá rì ni Lionel Gathercole, alága ìgbìmọ̀ abúlé Pennywade, orí ilẹ̀ gbígbẹ ló sì ti fẹ́ tẹ̀ wá rì.

Ogójì ọdún ni Gathercole fi ta ọpọ́n ìwẹ̀ àti àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìlú ńlá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó wo gbogbo ilẹ̀ England yíká, ó rí abúlé kan tí kò ní aṣáájú, àánú wa sì ṣe é. A kò ní kó wá. A kò sì ní kó má wá. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tó bá wa ṣe, akọ̀wé béèrè ẹni tó fẹ́ jẹ alága. Gbogbo wa wo bàtà wa. Gathercole dìde. Tíì ti ń tutù, a bá pàtẹ́wọ́.

Abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ kò tó ọ̀ọ́dúnrún kì í ní ẹ̀wọ̀n oyè tí alága ń fi sọ́rùn. Gathercole ra tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fín odò sí i, kí wọ́n fín àgùntàn sí i, kí wọ́n fín ojú òun náà sí àárín àwọn méjèèjì. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà, a máa ń gbọ́ ọ kí a tó rí i, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó máa ń kó àwọn àlejò tí bọ́ọ̀sì gbé wá káàkiri, láti fi ohun àtayébáyé wa hàn wọ́n.

"Afárá yìí," á ní, á sì fi ọ̀pá rẹ̀ gún òkúta afárá, "ọba kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á kọjá!"

"Fẹ́rẹ̀ẹ́ kẹ̀?"

"Ti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló gbà. Ṣùgbọ́n ó rí tiwa lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì kẹ́dùn."

Wọ́n á dé iwájú ilé ọtí Gladys Tibbet. "Ibí yìí ni ọ̀gágun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sí ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ jagun!"

Gladys, tó ń gbá ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kì í gbé orí sókè. "Ó ní ibùsùn ń rùn, Alága. Ẹ parí ìtàn fún wọn."

Ibi tí wọ́n máa ń parí sí ni ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí òkúta pẹlẹbẹ kan wà. Wọ́n fín in sí i pé: OMI DÉ IBÍ, 1768. Ibi orúnkún ni òkúta náà wà. Kì í ṣe orúnkún òmìrán o. Orúnkún èèyàn lásán.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, bàbá arúgbó kan láàárín àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kà á. Ó di ìdí mú, ó kà á tán, ó wò yíká.

"Ibí yìí náà ni?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, sà!"

"Ẹ dákun, ta ló bá a lọ? Pẹ́pẹ́yẹ?"

Gbogbo èrò bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà nà ró díẹ̀díẹ̀. "Ẹ má bínú. Great Sallow ni mo ti wá. Tiwa dé ìbàdí. Ìbàdí ọkùnrin tó dúró dáadáa."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, tí o kò bá gbé létí odò rí, o lè sọ pé kí ló wá burú ńbẹ̀. Níbòmíràn, èèyàn á fi ọmọ yangàn, á fi ilé yangàn. Lọ́dọ̀ tiwa, iye omi tó wọ ilé baba ńlá ẹni la fi ń yangàn. Ẹnìkan á jókòó sílé ọtí, á ní omi gbé bàbá àgbà òun lọ tàga-tàga. Ẹni kejì á ní tòun, tàga-tàga, tòun ti tábìlì, oúnjẹ kò sì dà nù. Ká wá ní Great Sallow, abúlé tí orúkọ rẹ̀ ń pariwo "Ńlá", tí ilé inú rẹ̀ kò pé ogójì, ló ga jù wá lọ nínú omi! Gathercole wọlé, kò jẹun. Ó pe ìpàdé.

Márùn-ún ni ìgbìmọ̀ wa, akọ̀wé sì ni Hester Moxon, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, títí kan ikọ́. Gathercole dìde. Ẹ̀wọ̀n dún.

"Ẹ̀yin ará mi! Ẹ̀yin ọmọ odò! Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ìgboyà láti bi yín. Òkúta yẹn, ṣé òun ló kúrú ni, àbí ilẹ̀ ló ga?"

Cuthbert Nye, àgbẹ̀ tó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀, ń wo kéèkì.

"Ilẹ̀ ló ga! Ta ló gbé e ga? Àwọn òkú wa ni! Ẹgbẹ̀rin ọdún la ti ń sin òkú sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Òkú kan wọlẹ̀, ilẹ̀ á ru díẹ̀. Òkú kejì wọlẹ̀..."

"Á tún ru," ni Cuthbert wí, kó lè tètè parí.

"Ẹ ṣeun! Àwọn baba ńlá yín ti ru ilẹ̀ sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo òkúta wa mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ òkúta náà ni pé kí á dá a padà sí ipò ọlá rẹ̀!"

Hester gbé kálàmù sókè. "Báwo ni àwọn òkú ṣe ru ilẹ̀ tó, Alága? Mo fẹ́ kọ ọ́."

"Dé èjìká."

"Èjìká ta ni?"

"Èjìká mi."

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohùn kan jáde. Winnie Larkham ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, opó tí ọkọ rẹ̀ máa ń ṣí ibodè omi fún àwọn ọkọ̀ ojú omi nígbà ayé rẹ̀. Òun àti opó méjì mìíràn ló ń gbé ilé kéékèèké mẹ́ta tí olówó kan kọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì láyé àtijọ́ fún àwọn opó abúlé.

"Alága, ibi orúnkún mi ni òkúta yẹn wà láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà mi lọ́jọ́ náà. Orúnkún mi kò ga sí i, kò sì kúrú sí i."

"Mísísì Larkham, orúnkún kì í ṣe ẹ̀rí."

"Tó bá ń dùn mí, òjò máa ń rọ̀. Ẹ̀rí nìyẹn."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ará ìlú ní láti fi sọ̀rọ̀, ẹ sì ti lò ó tán. Àwa tó fara mọ́ ọn?"

Lọ́dọ̀ wa, kí èèyàn tako àbá ẹlòmíràn nígbà tí tíì wà lórí tábìlì, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Mẹ́ta nínú wa nawọ́ nítorí ẹ̀kọ́ ilé. Cuthbert nawọ́ sí ṣúgà, wọ́n kà á mọ́ ọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé, Barney Croucher, agbẹ́kùúta kan láti ìlú kejì, yọ òkúta náà, ó gbé e sí déédéé èjìká Gathercole. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìròyìn dé pé ti Great Sallow ti kúrò níbi ìbàdí, ó ti wà lókè orí ọkùnrin tó dé fìlà. Àwọn náà ní òkú. Wọ́n tiẹ̀ ní òkú tiwọn sanra ju tiwa lọ.

Tiwa bọ́ sókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwọn dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. A gbé tiwa kọjá fèrèsé. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, òkúta wa ti wà lábẹ́ aago lára ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹyẹlé nìkan ti lè kà á. Ẹ ó bi mí pé pásítọ̀ ńkọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì méje ni pásítọ̀ kan ṣoṣo ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méje ló ń kàn wá, tó bá sì dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kì í gbé orí sókè.

Bí òkúta ṣe ń ga ni ìtàn rẹ̀ náà ń ga. Gathercole bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn àlejò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ni omi gbé lọ ní Pennywade lọ́dún náà.

"Alága," ni Hester sọ sí i létí, "a kò tíì ju ọ̀ọ́dúnrún lọ rí. Níbo ni wọ́n ti rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin?"

"Àlejò ni wọ́n," ni Gathercole wí. "Wọ́n wá wo afárá."

Ó wá kọ Òfin Ìkún Omi, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógójì. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní fèrè. Cuthbert gbọ́dọ̀ so ọkọ̀ ojú omi mọ́ igi lórí òkè, kó sì máa kí i lárààárọ̀ bóyá ó wà dáadáa. Ó fi ara rẹ̀ jẹ Olórí Ìkún Omi, ó sì kọ ọ́ pé Olórí gbọ́dọ̀ máa sùn lókè ibi tí omi dé, kí ará ìlú lè rí ẹni tí wọ́n á máa wò lójú. Ní ọjọ́ ìdánrawò, ó wọ ilé Winnie lọ pẹ̀lú fèrè.

"Mísísì Larkham! Omi ti dé! Ẹ gun kọ́bọ́ọ̀dù!"

Winnie ń bó ẹ̀wà. "Ẹ bá mi sọ fún un kó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán ni."

Títí di ìgbà yìí, ẹ̀rín ni. Ṣùgbọ́n ìwé wa kì í dúró sílé. Hester gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà gbogbo ìpinnu ránṣẹ́ sí ìjọba àgbègbè, ó sì ń fi í ránṣẹ́. Ní oṣù Keje, obìnrin ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Anjali Rowe wá láti ọ́fíìsì tó ń rí sí omi. Ó wo òkúta lábẹ́ aago. Ó wo odò nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó tún wo òkúta.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Ìtàn!" ni Gathercole dáhùn.

"Ìtàn ní àkàbà?"

"Ìgbìmọ̀ abúlé yìí ló dá a padà sí ipò rẹ̀, lẹ́yìn ìwádìí tó jinlẹ̀."

Anjali mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa, sà. Máàpù tuntun là ń yà. Òkúta tó ní ọdún lára, tí ìwé ìgbìmọ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rí ni lójú òfin. Mi ò lè fi ojú mi yí i padà. Àfi kí ìgbìmọ̀ yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni?"

Gbogbo wa wo Gathercole. Ẹnu rẹ̀ là. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀: Pennywade lórí máàpù ìjọba, Great Sallow lábẹ́ rẹ̀.

"Ọmọbìnrin mi," ó ní, "ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé ilé Winnie. Wọ́n ní nítorí ọjọ́ orí àwọn opó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti nítorí pé ilé wọn wà jìnnà sísàlẹ̀ ibi tí omi dé, wọ́n gbọ́dọ̀ kó jáde kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Yàrá wà fún wọn ní ilé àwọn arúgbó ní ìlú Marlbridge, ní àjà kẹta. Kò sí ọgbà. Fèrèsé kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Winnie wọ bàtà tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun òkè lọ sí ilé Gathercole. Ilé náà ga, ó funfun, ó sì ní balùwẹ̀ márùn-ún, ọkùnrin kan àti ológbò kan ló sì ń lò wọ́n.

"Alága, mi ò pẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ kọ. 'Orúnkún.' Kí ẹ fọwọ́ sí i."

"Ẹ jókòó, Mísísì Larkham. Ẹ mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún àwọn opó."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́."

"Ẹ wò ó. Èèyàn á lọ, èèyàn á bọ̀, ìtàn ló ń dúró. Ṣé ẹ fẹ́ kí Great Sallow máa fi wá ṣẹ̀sín?"

"Wọ́n ti ń fi wá ṣẹ̀sín kí wọ́n tó bí yín. A máa ń fi tiwọn náà ṣẹ̀sín. Ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn." Ó gbé lẹ́tà lé orí tábìlì. "Ilé yẹn ni Arthur ọkọ mi kú sí. Mo gbin ẹ̀wà sílẹ̀, mo gbin àlùbọ́sà elewé sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí àjà kẹta, Alága, mi ò ní pẹ́ láyé. Mi ò sọ ọ́ kí n fi dẹ́rù bà yín. Mo mọ ara mi ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Gathercole kì í ṣe òkúta. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó dìde, ó rìn lọ sí fèrèsé, ó fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Fèrèsé náà ń wo ilé gogoro, òkúta náà sì ń tàn lábẹ́ aago bí eyín wúrà. Bó ṣe rí i, ojú rẹ̀ tún le padà.

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìwé ẹ̀rí," ó ní. "Akọni Obìnrin Ìkún Omi. Màá fín in sórí awọ."

Winnie mú lẹ́tà rẹ̀. "Ẹ fi awọ náà rán bàtà," ó ní, ó sì jáde.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan dé ilé òun náà. Gathercole ṣí i pẹ̀lú ẹ̀rín, ó rò pé oyè ni. Anjali kọ̀wé pé ọ́fíìsì òun ti ka Òfin Ìkún Omi láti ìlà kìíní dé ìkọkànlélógójì, ó sì wú wọn lórí. Nítorí náà, níwọ̀n bí Olórí Ìkún Omi ti gbọ́dọ̀ máa sùn lókè ibi tí omi dé, tí yàrá rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́ta relẹ̀ sí òkúta náà, ó gbọ́dọ̀ kó kúrò nílé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn opó. Yàrá kan ṣoṣo ló ga tó bẹ́ẹ̀ ní Pennywade: ibi tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì wà. Wọ́n tọrọ àforíjì nítorí àwọn àdán.

Ẹni tó bá ní ìtìjú ì bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Winnie bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ. Gathercole mú ìwọ̀n. Tí òkúta bá sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́rin péré, yàrá òun á bọ́ lọ́wọ́ omi. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Àwọn opó ṣì wà nínú omi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọlá abúlé kò ní dín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ tó yàn ni Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tí àwa àti Great Sallow máa ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì. Gbogbo abúlé wà ní pápá. Anjali pàápàá wà níbẹ̀. Ó wá ka ẹrù àwọn opó sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó máa kó wọn, ṣùgbọ́n Winnie ní, "Ọmọ mi, a kì í kó èèyàn kúrò nílé lọ́jọ́ kírikẹ́ẹ̀tì. Wá jẹ kéèkì ná." Gathercole ní òun ní iṣẹ́ ìtàn láti ṣe.

Ní agogo mẹ́ta, nígbà tí aré dùn jù, òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ England nìyí, ẹ má bi mí ní ìdí. Òjò kì í jẹ́ ká parí ohunkóhun. Gbogbo wa, tiwa tiwọn, gbé agboòrùn àti àwo kéèkì, a sáré lọ sábẹ́ ìloro ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé òun ló sún mọ́ pápá jù.

Omi kan kán sí Gladys lórí láti ibi tí kò yẹ kó ti kán. Ó yọrí síta, ó wòkè.

"Alága! Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lókè yẹn, àbí ère?"

Gathercole wà lórí àkàbà, nísàlẹ̀ aago, ó fi apá méjèèjì gbá òkúta mọ́ àyà.

"Ẹ kú òjò o," ó ní, bí ẹni tí a pàdé lọ́nà ọjà.

"Kí lẹ gbé dání?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò-sí-nǹkan yín ń kán omi sí mi lórí."

Anjali ti bọ́ síta. "Ọ̀gbẹ́ni Gathercole, ṣé òkúta ẹ̀rí kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni. Mò ń nù ún ni."

"Pẹ̀lú òòlù àti sìmẹ́ńtì?"

Ọkọ̀ Barney Croucher wà lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Barney ti fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lókè, ó wọnú ọkọ̀ lọ mu tíì, nítorí sìmẹ́ńtì kì í gan nínú òjò, Barney náà kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Gladys lọ kan gíláàsì ọkọ̀ náà. "Barney, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" Barney kò mọ irọ́ pa. Ó yọrí síta.

"Ó ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íǹṣì mẹ́rin, kí yàrá òun lè jáde nínú omi!"

Ó tún yí gíláàsì padà sókè.

Ẹnìkan gé kéèkì jẹ, gbogbo ayé gbọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ará mi!" ni Gathercole kígbe. Ó fẹ́ na ọwọ́, ó rántí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ odò! Ní àsìkò ìṣòro, aṣáájú gbọ́dọ̀ gòkè..."

"Ó ti gòkè," ni Cuthbert wí.

Winnie bọ́ síta nínú òjò. Ó dúró lẹ́sẹ̀ àkàbà.

"Alága."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mísísì Larkham."

"Ṣé apá ń ro yín?"

"Ó ń ro mí gan-an."

"Níbo ni omi dé lọ́dún 1768?"

"Mísísì Larkham, ìtàn jẹ́ ohun tó jinlẹ̀ gidigidi."

"Mi ò bi yín bó ṣe jìn. Mo bi yín bó ṣe ga."

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi gba òkúta yìí ná."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí wọ́n gbé mi lọ sí àjà kẹta. Ọmọ tó máa gbé mi lọ ló dúró yìí. Ẹ sọ fún un."

Òkúta yọ̀ díẹ̀. Gathercole fi àgbọ̀n tì í mú. Ó sọ nǹkan kan.

"A ò gbọ́!" ni Gladys kígbe.

"Orúnkún."

"Ẹ sọ ọ́ sókè!"

"ORÚNKÚN! Orúnkún ló dé! Pẹ́pẹ́yẹ ló ń wẹ̀ níbẹ̀! Ẹ gbà mí!"

Àwọn ará Great Sallow bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń di ara wọn mú. Anjali yíjú sí wọn. "Tiyín ńkọ́?" Ẹ̀rín tán. Ọ̀gá àwọn tó ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì wọn wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí bàtà rí.

"Mo ti gbọ́," ni Anjali wí, "ṣùgbọ́n igbe kò tó. Ìwé ìgbìmọ̀ ni mo fẹ́."

Hester Moxon ti ṣí ìwé rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Mo rò pé láti oṣù Kẹrin ló ti ń dúró de ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. "Ìlà kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú Òfin Ìkún Omi," ó kà á sókè. "'Ní àsìkò ìdààmú omi, ìbáà jẹ́ omi tó gòkè láti inú odò, ìbáà jẹ́ omi tó sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run mímọ́, mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ lè ṣe ìpàdé níbikíbi tí wọ́n bá forí pamọ́ sí.'"

"Mo kọ ọ́ dáadáa," ni Gathercole wí láti òkè. Kò lè ṣe kó má sọ ọ́.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa, Alága. Mẹ́rin ló wà níbí. Àbá ni pé omi kò kọjá orúnkún lọ́dún 1768, àti pé gbogbo ohun tí a ti kọ nípa rẹ̀ láti oṣù Kẹrin, irọ́ ni. Àwa tó fara mọ́ ọn?"

Ọwọ́ mẹ́rin gòkè, agboòrùn mẹ́ta sì bá wọn gòkè.

"Ẹni tó bá tako?"

Gathercole nìkan ni ì bá tako. Kò sí ọwọ́ tí ì bá nà.

Nígbà náà ni Barney jáde wá, ó gun àkàbà, ó gba òkúta, ọ̀gá rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀. A fún un ní tíì. Gladys Tibbet, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, wá gbé àwo kéèkì rẹ̀ sílẹ̀. "Mo dá a lábàá," ó ní, "pé kí ìgbìmọ̀ yìí dúpẹ́ tọkàntọkàn lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Gathercole fún gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe."

"Mo kín in lẹ́yìn," ni Cuthbert wí, kò sì wo kéèkì rárá.

Mo gbọ́dọ̀ là á yé yín. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lé èèyàn. A kì í sọ fún aṣáájú pé kó kúrò. A máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, gbogbo wa lápapọ̀, nínú ìwé. Bí a bá ti dúpẹ́ báyìí tán, kò sí ohun tó kù fún un láti ṣe.

Gbogbo ọwọ́ gòkè. Ojú Gathercole kún fún omijé. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹríba sọ́tùn-ún, ó tẹríba sósì. A tò, a ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ṣeun púpọ̀, sà." "Ẹ kú iṣẹ́ o." "A ò ní gbàgbé yín." Ó ń sọ pé iṣẹ́ òun ni, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, pé òun ní èrò kan nípa afárá.

Hester ṣí ewé tuntun. "Èyí tó kàn: yíyan alága."

"Alága wo?" ni Gathercole béèrè.

A wo ojú ọ̀run. "Ó ti ń dá o," ni ẹnìkan wí. Lóòótọ́ ló ti ń dá. A fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, a padà sí pápá, Great Sallow sì nà wá.

Nígbà tí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá pé, ọkọ̀ kankan kò wá. Òwúrọ̀ náà tutù, ìrì bo koríko, Winnie sì wà nínú ọgbà rẹ̀, ó ń fa àlùbọ́sà elewé jáde kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Gathercole ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè. A kò gbọ́ ọ, nítorí ọrùn rẹ̀ ṣófo. Ó dúró lẹ́bàá ọgbà náà bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n kí òun, nígbà tí kò rí ìkíni, òun ló kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Mísísì Larkham."

"Káàárọ̀, Lionel."

Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ọ̀nà odò.

"Omi ńkọ́?"

Winnie nàró, ó gbé ọwọ́ lé ìdí, ó wo odò náà fúngbà díẹ̀. "Ó wà níbi tó máa ń wà," ó ní. "Bá mi di garawa yìí mú."

Ó sì bá a dì í mú.